Ìbejì Tí Ó Di Ìbẹta: Àlàyé Nípa Down Syndrome

Obìnrin kan pọn ọmọ wọ ọjà Agboju ní Èkó ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Èmi náà dúró ní ìsọ̀ alátà, mò ń retí kí wọ́n wọn ata tèmi. Bí alátà ṣe ń wọn tàtàṣé fún un, ó na ọrùn wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin àti ìyá Ìgbò kan tí ó ń gbé Festac jọ tan ni? Ọmọ yín àti ọmọ tirẹ̀ jọra bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn." Obìnrin náà ní àwọn kò tan. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni òun, Ìjẹ̀bú sì ni ọkọ òun ti wá. Alátà fi ènì sí ata, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Báwo ni ọmọ Ìsẹ́yìn ṣe lè jọ ọmọ Ìgbò tí kò bá a tan? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ Down syndrome.

Ara ènìyàn, bí ó ti tóbi tó yìí, horo wẹ́wẹ́ ló para pọ̀ dá a. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe horo kọ̀ọ̀kan, ojú lásán kò sì lè rí i. Nínú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tí à ń pè ní kírómósómù. Ara okùn wọ̀nyí ni jíìnì tò sí, bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń tò sára òwú. Jíìnì ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe mọ ọkàn, bí yóò ṣe la ojú, bí yóò ṣe ga tó. Okùn náà jẹ́ 46, ṣùgbọ́n wọn kì í dá rìn. Méjì-méjì ni wọ́n, bí ìbejì, ọ̀wọ́ 23. Nínú ìbejì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Àwọn onímọ̀ fún wọn ní nọ́ńbà kí wọ́n lè dá wọn mọ̀, èyí tí wọ́n pè ní 21 ni ó sì kéré jù nínú gbogbo wọn.

Lára ọmọ tí ó ní Down syndrome, ìbejì 21 yẹn ti di ìbẹta. Okùn rẹ̀ wá di 47. Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí okùn tí ó sọnù lára ọmọ náà, kò sí èyí tí ó já. Ọ̀kan ni ó lé.

Ẹnìkan lè ní, kí wá ni àlékún lè bà jẹ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń se ọbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣíbí iyọ̀ méjì ni ìkòkò kan gbà, tí a wá bu ẹ̀kẹta sí i, iyọ̀ ẹ̀kẹta náà kò bàjẹ́, ó pọ̀ jù ni. Jíìnì tí ó wà lórí okùn 21 ju 200 lọ. Ara ọmọ náà ń gba àṣẹ lẹ́nu ẹni mẹ́ta níbi tí ó ti yẹ kí ó gbà á lẹ́nu ẹni méjì. Ìdí nìyẹn tí ògiri inú ọkàn rẹ̀ fi lè má pàdé dáadáa nínú oyún, tí iṣan rẹ̀ fi rọ̀, tí ó fi ń pẹ́ kí ó tó kọ́ nǹkan. Ìdí nìyẹn náà tí ọmọ Ìsẹ́yìn fi jọ ọmọ Ìgbò. Ilé kan se ẹ̀gúsí, ilé kejì se ilá, ṣùgbọ́n iyọ̀ àwọn méjèèjì lé, ẹni tí ó bá tọ́ wọn wò yóò sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Síbẹ̀, ẹ̀gúsí ṣì ni ẹ̀gúsí. Ẹ fara balẹ̀ wo ọmọ náà dáadáa, ẹ óò rí ẹnu bàbá rẹ̀, ẹ óò rí iwájú orí ìyá rẹ̀.

Níbo ni ẹ̀kẹta ti wá? Inú ẹyin obìnrin ni ó ti sábà máa ń wá, bíi 9 nínú 10. Ọmọbìnrin kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹyin nígbà tí ó bá bàlágà. Inú ìyá rẹ̀ ni ó ti kó gbogbo ẹyin rẹ̀ wá sáyé. Ẹyin wọ̀nyí á dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí yóò fi kan ọ̀kọ̀ọ̀kan láti jáde. Nígbà tí ó bá kan ẹyin kan, ìbejì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pínyà, kí ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo lára ìbejì kọ̀ọ̀kan ni yóò bá ẹyin lọ, kí àtọ̀ bàbá sì mú èkejì wá. Nígbà mìíràn, ìbejì 21 kì í pínyà. Ẹyin á gbé àwọn méjèèjì lọ, bàbá á mú tirẹ̀ wá, ó di mẹ́ta.

Bí ẹyin bá ṣe pẹ́ sí i lójú kan ni ó ṣe ń ṣòro sí i kí ìpínyà yìí lọ bó ṣe yẹ. Láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n bímọ ní ẹni ọdún 25, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 1,200 ni ó máa ń ní i. Ní ẹni ọdún 35, ó jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 350, ní ẹni ogójì ọdún, nǹkan bí 1 nínú 100. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó kékeré má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń bímọ jù, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ìyá wọn kò tíì pé ọdún 35.

Ẹ tún gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn gbé yẹ̀ wò, kí ẹ wá ibi tí ọwọ́ ènìyàn kankan ti wọ̀ ọ́. Kò sí. Kì í ṣe ohun tí aboyún jẹ. Kì í ṣe oyún tí ó ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí. Kì í ṣe ìyá ọkọ, kì í ṣe orogún, kì í ṣe omi. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún aboyún kí ó má rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kí ẹ̀mí àìrí má bàa pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Bí ọmọ bá wá jáde báyìí, ìrìn ọ̀sán yẹn ni wọn óò gbé lé ìyá lórí. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí mo ti rí ìyá tí wọ́n gbé lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, tí wọ́n ní kí ó jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe, nígbà tí ọkàn ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò ní ohun tí yóò jẹ́wọ́. Ọmọ náà sì nílò dókítà ní gbogbo ọjọ́ mọ́kànlélógún yẹn.

Àwọn baba ńlá wa kò mọ kírómósómù, ṣùgbọ́n wọ́n ní Ọbàtálá ló ń mọ ènìyàn, àti pé ẹni tí ó bá mọ ní ọ̀tọ̀, ẹni òòṣà ni, èèwọ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Yálà mọ́ṣáláṣí lẹ ń lọ o, yálà ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọ̀wọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn yẹ ọmọ náà ju ìjẹ́wọ́ tí a ń fi agbára mú ìyá rẹ̀ ṣe lọ.

Àwọn kan rò pé "Down" inú orúkọ náà túmọ̀ sí pé ọmọ náà rẹlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni. John Langdon Down, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe àwọn ọmọ wọ̀nyí yékéyéké, ní 1866. Ó ní ojú wọn jọ ti àwọn ará Mongolia, ó sì fi orúkọ ìlú wọn pe ọmọ náà. Orúkọ yẹn di èébú káàkiri ayé, ó dé ọ̀dọ̀ wa níbí náà. Àwọn ará Mongolia fẹ̀hónú hàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì pa á tì ní 1965. Kí ẹnikẹ́ni má tún fi pe ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Ní ti okùn tí ó lé, Paris ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1959. Marthe Gautier ló tọ́jú sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ náà dàgbà ní ilé àyẹ̀wò títí ó fi ṣeé kà, Jérôme Lejeune àti Raymond Turpin sì bá a kọ́wọ́ rìn nínú ìwé tí wọ́n fi kéde rẹ̀. Nítorí pé okùn 21 di mẹ́ta ni wọ́n ṣe mú ọjọ́ 21 oṣù kẹta fún àyájọ́ àwọn ọmọ náà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń ṣe é láti 2012.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn òyìnbó ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ni èsì ti wá. Dókítà A. A. Adeyokunnu tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1982, ohun tí ó sì rí ni ọmọ 1 nínú 865 tí a bí láàyè. Iye tí wọ́n ń rí nílùú òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ sílé: ilé ìgbẹ̀bí tí ó bá ń gbẹ̀bí ọmọ mẹ́ta lójúmọ́ yóò gba irú ọmọ yìí bí ẹyọ kan lọ́dún. Ilé ìgbẹ̀bí mélòó ló wà láti Mile 2 dé Agboju, láti Agboju dé Satellite Town?

Bí wọ́n bá ń bí wọn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àgbàlagbà tí ó ní i ládùúgbò? Àwọn kan ti kú ní kékeré, tí wọ́n sọ pé òtútù àyà ló pa wọ́n, tí ó sì jẹ́ pé ọkàn wọn ló ní ihò. Àwọn kan wà nínú yàrá, wọn kì í jẹ́ kí àlejò rí wọn. Àwọn kan sì wà lójú títì tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àìmọ orúkọ yìí ní ìdí kan tí ó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀. Àwòrán ọmọ òyìnbó ló pọ̀ jù nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ní 2017, àwọn oníwádìí kan dán kọ̀ǹpútà kan wò, èyí tí ó máa ń wo fọ́tò ojú ọmọ kí ó tó dárúkọ àìsàn tí ó fura sí. Wọ́n fi fọ́tò àwọn ọmọ tí ó ní Down syndrome hàn án. Ó mọ 80 nínú 100 lára àwọn ọmọ Belgium, ṣùgbọ́n lára àwọn ọmọ Congo, kò mọ̀ tó 37 nínú 100. Nígbà tí wọ́n fi fọ́tò ọmọ dúdú kún ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ó di nǹkan bí 95. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá lè fò ó bẹ́ẹ̀, ojú ènìyàn náà lè fò ó. Lọ́dún kan náà, àwọn dókítà ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà wà lára àwọn tí ó kó fọ́tò àti àmì ara àwọn ọmọ yìí jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, kí dókítà ibikíbi lè mọ bí ó ṣe ń hàn lára ọmọ dúdú.

Kí wá ni kí a wò lára ọmọ tuntun? Kì í ṣe imú, nítorí imú tí ó tẹ́ pọ̀ láàárín àwa náà. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́. Ọmọ tuntun máa ń ká ọwọ́ ká ẹsẹ̀, ó máa ń di ara mú. Ti ọmọ yìí á rọ̀, bí ẹ bá gbé e á fẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá pọ̀n ọ́n, kò ní fẹsẹ̀ di ìbàdí mú. Ẹ wo ojú rẹ̀, ìgun òde á yọ sókè. Etí á kéré, awọ ẹ̀yìn ọrùn á pọ̀. Ẹ la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ lè rí ìlà kan ṣoṣo tí ó là á já. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àlàfo máa ń wà láàárín àtàǹpàkò àti ọmọ ìka tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àmì wọ̀nyí kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le ní ìlà kan ṣoṣo lọ́wọ́. Bí wọ́n bá pé mẹ́ta, mẹ́rin lára ọmọ kan, ọ̀rọ̀ di ti àyẹ̀wò.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni wọn óò gbà fún àyẹ̀wò náà. Wọn óò tọ́jú sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan, wọn óò wá to okùn rẹ̀, wọn óò kà á. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ṣe é, owó rẹ̀ kò sì kéré, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń sọ ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Nínú nǹkan bí 95 nínú 100, ìbẹta tí mo ti ṣàlàyé ni wọn óò rí, èyí kì í sì í ṣe ohun àjogúnbá. Ìyá tí ó ti bí irú rẹ̀ lè tún bímọ, ó sì ṣeé ṣe dáadáa kí èyí tí ó kàn má ní i. Nínú bíi 3 tàbí 4, okùn 21 kẹta kò dá dúró, ó so mọ́ okùn mìíràn. Irú èyí ni ó lè wà lára ìyá tàbí bàbá láìsí àmì kankan, tí ó sì lè tún bá ọmọ tí ó ń bọ̀. Bí dókítà bá rí i, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ òbí méjèèjì wò. Nínú àwọn díẹ̀ tí ó kù, sẹ́ẹ̀lì mìíràn jẹ́ 47, òmíràn jẹ́ 46.

Kí a tó rí èsì ẹ̀jẹ̀, ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró, ọkàn ni. Bí ọmọ méjì bá ní Down syndrome, bí ẹnì kan nínú wọn ni ọkàn rẹ̀ máa ń ní ìṣòro láti inú oyún. Ògiri tí ó yẹ kí ó pààlà inú ọkàn kò pàdé. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó lọ sí gbogbo ara á máa ya padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ náà á máa làágùn nígbà tí ó bá ń mu ọmú, á máa mí gúlegúle, á fi ọmú sílẹ̀ kí ó tó yó, kò ní sanra, ikọ́ á máa dé lemọ́lemọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró á le, ó sì lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún kan péré. Nígbà tí ó bá ti le tán, iṣẹ́ abẹ kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ìdí nìyẹn tí ewu fi wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi tu ìyá nínú pé, "ó máa gbọ́n tó bá yá." Ohun tí a ṣe kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà kò rí bí ohun tí a ṣe nígbà tí ó pé ọdún méjì. Ọmọ mìíràn sì wà tí kò fi àmì kankan hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ní ihò. Nítorí náà, gbogbo ọmọ tí a bá fura sí ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀, yálà dókítà gbọ́ ariwo nínú àyà rẹ̀ tàbí kò gbọ́. Kò ní dùn ún, wọn kò ní gún un lábẹ́rẹ́.

Nǹkan kejì ni ìwẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ ọmọ wẹ̀: wọ́n á fi epo ra á, wọ́n á fà á lọ́wọ́ fà á lẹ́sẹ̀, wọ́n á gbé e dorí kodò, wọ́n á sọ ọ́ sókè hán an. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ọwọ́ wọn ló tọ́ èmi náà dàgbà. Ṣùgbọ́n oríkèé ọmọ yìí rọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ti ọrùn ló sì léwu jù. Ẹ bá wa sọ fún ìyá àgbà kí wọ́n fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ wẹ ọmọ náà, kí wọ́n gbá orí àti ọrùn rẹ̀ mú, kí wọ́n má fà á, kí wọ́n má sọ ọ́ sókè.

Yàtọ̀ sí èyí, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í gbọ́ràn dáadáa, a ó sì máa rò pé orí kunkun ni. Kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún fún thyroid, ẹṣẹ́ ọ̀fun tí ó ń darí bí ara ṣe ń dàgbà. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ jù, ọmọ á túbọ̀ máa lọ́ra, oògùn rẹ̀ sì wà.

Yóò jókòó, yóò rìn, yóò sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń rìn ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjì, ti òmíràn á tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ sísọ ló máa ń pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń yé wọn ju ohun tí wọ́n lè sọ lọ, nítorí náà ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ máa kọrin fún un, ẹ máa fi ọwọ́ júwe nǹkan bí ẹ ṣe ń dárúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní 1983, ẹni tí ó ní Down syndrome kì í sábà ju nǹkan bí ọdún 25 lọ láyé. Lónìí, wọ́n ń tó 60. Okùn náà ṣì jẹ́ 47. Ìtọ́jú ló yí padà, pàápàá ti ọkàn, àti pé wọn kò tì wọ́n mọ́lé mọ́.

Òfin náà wà lẹ́yìn ọmọ yìí. Ìjọba Èkó ṣe òfin àwọn ènìyàn tí ó ní ìpèníjà ara ní 2011, òun ló sì dá ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní LASODA sílẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni tiwọn títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí olùkọ́ kan bá ní kí ẹ mú ọmọ yín padà sílé, ẹ sọ fún un pé òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn òbí náà wà: Down Syndrome Foundation Nigeria, tí Arábìnrin Rose Mordi dá sílẹ̀ ní 2001. Ìyá tí ó bá ń dá sunkún yóò rí ìyá mìíràn níbẹ̀ tí ó ti la ọ̀nà náà kọjá.

Mo tẹ̀ lé obìnrin ọjà Agboju yẹn lọ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bi í bóyá wọ́n ti yẹ ọkàn ọmọ wò. Ó ní rárá, pé níbi tí òun bí i sí, wọ́n ní kí òun lọ fọkàn balẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ náà. Ó ń làágùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àárọ̀ sì ni, oòrùn kò tíì mú.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ ń wẹ ọmọ ní agbègbè wa yìí: bí ara ọmọ bá rọ̀ lọ́wọ́ yín jù, ẹ má pa á mọ́ra. Ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tí ìjọba kọ́ sí Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kò jìnnà sí wa. Ẹ gba ìwé níbẹ̀ lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, kí ẹ ní àwòrán ọkàn ọmọ lẹ wá yà. Iṣẹ́ abẹ ọkàn wọ́n owó, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Nàìjíríà kò sì pọ̀, ẹni tí ó bá tètè mọ̀ ló máa ń ráyè wá owó. Bí ọmọ náà bá ti lé ní oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tíì wo ọkàn rẹ̀, ẹ gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí.